Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mú Jáde Níbi Iṣẹ́ Kọ̀ọ̀kan

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin ọmọ Òròkí, àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé wá sí Òṣogbo, ẹ káàbọ̀. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ló pọ̀ jù nínú yín, nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì, ní ilé epo, ní ilé ìtajà oògùn, àti àwọn tí báńkì gbà ní agbàṣe. Bí a bá ní ká ka gbogbo ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ rí, ọ̀sán á pọ́n ká tó kà á tán. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí pọn dandan nìyẹn.

Àwọn àgbà wa kì í fojú rere wo ẹni tó ń tibi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n á ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò balẹ̀. Wọn ò jẹ̀bi. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n mọ̀, tí èèyàn ń wọ̀ ní ọ̀dọ́, tó ń ṣe ọdún 35 tàbí tó ń dàgbà dé ọdún 60, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, kó tó fẹ̀yìn tì. Ní tiyín, ilé-ẹ̀kọ́ lè sọ fún yín ní òpin sáà pé ẹ má padà wá mọ́. Ilé ìwòsàn lè jẹ yín lówó oṣù. Àdéhùn agbàṣe lè parí láìsí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, mi ò wá síbí láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kúrò. Kì í ṣe iye ìgbà tí èèyàn kúrò níbi iṣẹ́ ló ń dí ọ̀nà mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, ohun tí kò mú jáde ni: ìwé tí kò gbà, owó tí kò tọ ipa rẹ̀, ẹni tí kò bá dágbére, àti ọjọ́ tí kò kọ sílẹ̀ tó wá ń fi orí sọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Kí ni wọ́n ń wò nínú CV yín?

Ẹni tó mú CV yín lọ́wọ́, ọjọ́ ló kọ́kọ́ ń wò. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé e: oṣù wo lẹ wọlé, oṣù wo lẹ jáde. Iṣẹ́ kan tí ẹ fi oṣù 7 ṣe, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Bó bá di méjì, wọ́n á bi yín. Bó bá di mẹ́ta léraléra tí ìkankan nínú wọn kò pé ọdún, wọn ò ní bi yín mọ́, wọ́n á ti dá ara wọn lóhùn kí ẹ tó jókòó. Ìdáhùn ọ̀hún kì í sì í ju mẹ́ta lọ: ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́, ó ń bá èèyàn jà, tàbí iṣẹ́ tètè máa ń sú u.

Ẹ má bínú sí wọn. Ẹni tuntun ń náni lówó. Olùkọ́ tó bá lọ ní àárín sáà, àwọn òbí ló máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tó bá wọ ilé ìtajà oògùn, ó tó oṣù kan sí méjì kí ọwọ́ rẹ̀ tó máa lọ síbi tí oògùn kọ̀ọ̀kan wà láìwo káńtà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá tó ti sanwó fún oṣù méjì yẹn kò fẹ́ kí ẹ lọ ní oṣù kẹrin.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò yẹ kí wọ́n kà mọ́ yín lọ́rùn rárá, àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń kọ wọ́n bíi pé ẹ sá kúrò níbẹ̀. Ọdún kan NYSC wà lára wọn. Àwọn tó ṣe O'YES nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa gba ọ̀dọ́ 20,000 ní 2010, iṣẹ́ tó ní gbèdéke ni wọ́n ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó di àyè mú fún olùkọ́ tó lọ bímọ, tàbí ẹni tí wọ́n gbà fún iṣẹ́ kan ṣoṣo tó parí. Ẹ kọ ọ́ síwájú orúkọ iṣẹ́ náà pé àdéhùn oṣù 6 ni, tàbí àdéhùn ọdún kan. Gbólóhùn kúkúrú yẹn nìkan á ti pa ìbéèrè kan.

Òṣogbo ìlú aró la wà, ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ wa nílé. Ẹ ti rí i bí aláró ṣe ń ṣe. Bí ó bá kọ́kọ́ fa aṣọ yọ nínú ìkòkò aró, aṣọ náà kì í tíì dúdú, ó máa ń rí bíi ewé tútù. Atẹ́gùn tó bá fẹ́ sí i ló ń sọ ọ́ di aró. Yóò sá a, yóò tún rì í, yóò tún sá a. Èyí tí wọ́n bá rì lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n fi ìkánjú ká kúrò lórí okùn, omi ìfọṣọ àkọ́kọ́ ló ń gbé e lọ. Iṣẹ́ náà ní bí ó ṣe ń mu èèyàn. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ ń kọ́ orúkọ àwọn èèyàn àti ibi tí nǹkan wà ni. Ó tó oṣù mẹ́fà kí ẹ tó máa ṣe ohun tó tó owó oṣù yín. Lẹ́yìn ìyẹn ló ku kí ẹ rí nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: olùkọ́ tó kó kíláàsì kan láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Keje, akọ̀wé owó tó ti ìwé ọdún kan pa tí àwọn ayẹ̀wéwò sì wá wò ó, òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tó ti rí oṣù Kẹjọ kan nígbà tí àwọn àlejò Ọdún Ọ̀ṣun bá kún gbogbo yàrá. Kí ẹ tó kúrò, ẹ bi ara yín bóyá ẹ ti rí odindi ohun kan báyìí. Bí ẹ bá ti rí i, oṣù 11 lè tó. Bí ẹ kò bá rí i, oṣù 20 lè má tó.

Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó dìde

Owó ló ń gbé ọ̀pọ̀ kúrò níbi iṣẹ́, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìdajì owó ni wọ́n máa ń kà. Ẹ jẹ́ ká ní ₦120,000 lẹ ń gbà lóṣù, tí ibòmíràn wá pè yín sí ₦130,000. Inú ń dùn, ₦10,000 ti lé. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ wà ń san owó ìfẹ̀yìntì, ibi tí ẹ ń lọ kò san. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ á sì fi ìdá 10 kún un, ó kéré tán. Lórí ₦120,000 yìí, ₦12,000 ni agbanisíṣẹ́ ń fi kún tiyín lóṣooṣù. Ẹ fi ₦12,000 sílẹ̀, ẹ lọ gba ₦10,000. Ẹ ti pàdánù ₦2,000 kí ẹ tó wọ ọkọ̀.

Ọkọ̀ ń kọ́? Bí ibi tuntun náà bá fi ₦500 kún owó ọkọ̀ yín lójúmọ́, lọ àti bọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 22 nínú oṣù á jẹ́ ₦11,000. Bí ẹ bá sì jókòó sílé oṣù kan láàárín iṣẹ́ méjèèjì, ₦120,000 ti bọ́ nìyẹn. ₦10,000 lóṣù, oṣù 12 gbáko ló máa fi dí ihò náà. Lójú tèmi, ohun tí kò bá tó ìdá kan nínú márùn-ún owó oṣù yín kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ gbé àpò, àyàfi bí iṣẹ́ náà bá máa kọ́ yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn ẹ̀tọ́ kan wà tí ọjọ́ ló ń fúnni. Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní kí òṣìṣẹ́ ọwọ́ tàbí akọ̀wé tó bá pé oṣù 12 níbi iṣẹ́ gba ìsinmi ọdún tí kò dín ní ọjọ́ iṣẹ́ 6, kí wọ́n sì san owó rẹ̀. Ẹni tó ń kúrò ní oṣù 8, oṣù 9, tó tún bẹ̀rẹ̀ ibòmíràn láti òdo, lè ṣe ọdún mẹ́rin láìsinmi. Òfin kan náà ní kí ẹni tó bá kúrò lẹ́yìn oṣù 6, tí kò tíì pé 12, gba owó ìsinmi díẹ̀: ìwọ̀n oṣù tó lò nínú 12 ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò owó ọ̀sẹ̀ kan fún un. Ẹni tó lo oṣù 8 á gba ìdá méjì nínú mẹ́ta owó ọ̀sẹ̀ kan. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n tiyín ni, bẹ́ẹ̀ ẹ kì í béèrè.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ìsinmi ìbímọ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12 lábẹ́ òfin náà, ó kéré tán ìdajì owó oṣù ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa san. Ṣùgbọ́n owó yẹn, ẹni tó ti ṣe oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ náà láìdáwọ́ dúró ni òfin sọ ọ́ fún. Ẹni tó bá yí iṣẹ́ padà nígbà tí oyún ti wà ní oṣù mẹ́rin, kó ka oṣù rẹ̀ lórí ìka kó tó fọwọ́ síwèé.

Bí a ṣe ń jáde

Òṣogbo kì í ṣe Èkó. Ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ ní Ògo-Olúwa àti ẹni tó ni ti Òkè-Fíà lè jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, kí wọ́n tún máa jọ́sìn níbì kan náà. Kí CV yín tó dé orí tábìlì, ẹnì kan ti lè pe ẹnì kan. Ohun tó máa sọ ni bí ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn yín ṣe rí, torí òun ló kù lójú. Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ìfitónilétí ló ṣáájú. Ẹ ka ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín kí ẹ wo iye ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Bí kò bá sí nǹkankan níbẹ̀, tí ẹ sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ọwọ́ tàbí akọ̀wé, Labour Act ti là á sílẹ̀: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì láti ọdún méjì títí kó tó pé márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti àwọn ọ̀gá, ohun tó wà nínú ìwé yín ló ń dè yín, torí òfin yẹn kò ka yín mọ́ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bá.

Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ kò gbọdọ̀ gùn. Ẹ wò ó bí ó ṣe yẹ kó rí: “Mo kọ̀wé yìí láti fi tó yín létí pé mo fi iṣẹ́ akọ̀wé owó tí mo ń ṣe níbí sílẹ̀. Ìfitónilétí oṣù kan tó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ lónìí, ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ni ọjọ́ iṣẹ́ mi ìkẹyìn. Màá fa iṣẹ́ lé ẹni tí ẹ bá yàn lọ́wọ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ ṣeun fún àǹfààní tí ẹ fún mi.” Ó tán. Ohun tí ọ̀gá ṣe fún yín, owó tí wọ́n jẹ yín, ẹni tó ń ṣe àfojúdi sí yín, ìkankan kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, torí fáìlì ni ìwé yẹn ń gbé, ẹni tí kò mọ yín rí ló sì máa kà á. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Kí wọ́n fọwọ́ sí èyí tó wà lọ́wọ́ yín, kí wọ́n kọ déètì tí wọ́n gbà á sí i. Bí ọ̀gá bá ní òun ò gbà, ẹ má jà. Ọjọ́ tí ìwé yín dé ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ yìí kò gbà pé agbanisíṣẹ́ lè fi tipátipá dá òṣìṣẹ́ tó fẹ́ lọ dúró.

Ẹ mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ. Òpin sáà ni ti olùkọ́. Ìgbà tí wọn kò tíì kọ rósítà oṣù tó ń bọ̀ ni ti nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá fi òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ ní ìparí oṣù Keje ní Òṣogbo, tí Ọdún Ọ̀ṣun sì ku ọjọ́ díẹ̀, wọn ò ní gbàgbé rẹ̀ láé. Ní ilé epo àti ilé ìtajà, ẹ má lọ kí wọ́n tó ka ọjà. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n kà á níṣojú yín, kí ẹ̀yin àti wọ́n jọ fọwọ́ sí i. Bí ọjà bá dín lẹ́yìn tí ẹ lọ, ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ni wọ́n máa ń dì í rù, orúkọ olè á sì tẹ̀ lé yín dé ibi tuntun láìjẹ́ pé ẹ gbọ́.

Ẹ tún wo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bí ẹ bá yá owó níbẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ló fọwọ́ sí i fún yín. Ní ọjọ́ tí ẹ bá lọ láìsan án, owó oṣù tiwọn ni wọ́n ń yọ ọ́ nínú rẹ̀. Ẹ ní kí akápò ṣe ìṣirò fún yín lórí ìwé: iye tí ẹ fi pamọ́, iye tí ẹ jẹ, èyí tó kù. Bí gbèsè bá ju ìfipamọ́ lọ, ẹ kọ bí ẹ ó ṣe máa san án lóṣooṣù, kí ẹ jẹ́ kí àwọn onídùúró yín rí ìwé náà.

Ọjọ́ ìkẹyìn, kí àpò yín má ṣófo. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò pé ó wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ìwé tó fi ìdí yín múlẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá fún yín, àti pépà owó oṣù gbogbo oṣù, tí kò bá sí, ó kéré tán ti mẹ́fà ìkẹyìn. Ẹ fi ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí kún un, pẹ̀lú ìwé tó sọ ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ẹ jáde. Èyí ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ kì í gbà, òun náà ló sì ṣòro jù láti padà wá béèrè, torí ẹni tó mọ̀ yín lè ti lọ, ilé-iṣẹ́ náà lè ti pa. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí í-meèlì ara yín. Fóònù ń bọ́ sómi.

Owó ìfẹ̀yìntì: àkáǹtì kan, orúkọ kan

Àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́, tiyín ni, ó sì ń bá yín rìn. Nọ́ńbà rẹ̀, PIN yẹn, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, nọ́ńbà 12 sì tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá dé ibi tuntun tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dandan ni kí wọ́n máa san án fún yín. Ẹ fún wọn ní PIN àti orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà, PFA yín, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lórí ìwé. Ẹ má ṣí òmíràn. Bí PFA tiyín kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, òfin gbà kí ẹ kó owó lọ sí òmíràn lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún, kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú agbanisíṣẹ́ kankan.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyí. Agbanisíṣẹ́ á yọ ìdá 8 lọ́wọ́ yín, kò ní fi ránṣẹ́. Òfin fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ 7 péré lẹ́yìn tó san owó oṣù. Ẹni tó bá pẹ́ níbì kan á padà rí i. Ẹni tó bá lọ ní oṣù kẹsàn-án kì í mọ̀ títí dìgbà tó bá fẹ́ gba owó. Nítorí náà, kí ẹ tó fi ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ lélẹ̀, ẹ gba ìwé àkáǹtì yín lọ́wọ́ PFA, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pépà owó oṣù, ẹ máa fi oṣù wé oṣù. Èyí tó bá sọnù, ẹ béèrè rẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà nínú ọgbà wọn. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ kọ̀wé sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, pẹ̀lú ẹ̀dà àwọn pépà náà.

Orúkọ ni èkejì. Ẹni tó ṣe ìgbéyàwó láàárín iṣẹ́ kan àti òmíràn, tí ilé-iṣẹ́ tuntun ń lo orúkọ ọkọ, tí PFA ń lo orúkọ bàbá, ìyọnu ló máa bá a lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gba owó. Ẹ tún un ṣe ní NIN ná, kí ẹ tó lọ sí PFA àti báńkì.

Ẹni tí kò tíì pé 50 tó pàdánù iṣẹ́, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá láìrí òmíràn, lè gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú àkáǹtì náà. Àwọn kan ti sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń dúró dè bí wọ́n bá ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí ebi kò bá wọlé, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Owó orí kò lọ́rọ̀ púpọ̀: ìwé ẹ̀rí owó orí tí ẹ máa nílò fún àwọn ìgbàṣe àti ipò kan, ọdún 3 ló ń kó pọ̀. Bí ẹ bá ṣiṣẹ́ níbi mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, ẹ̀rí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n máa béèrè. Ìdí mìíràn tí pépà owó oṣù kò fi gbọ́dọ̀ sọnù nìyẹn.

Kíkọ rẹ̀ àti sísọ rẹ̀

Ẹ má yí ọjọ́ padà nínú CV. Ẹni tó bá fa oṣù 5 gùn di oṣù 11 kò rántí pé àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì àti ti báńkì ló ní ìtàn náà lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá gba ìwé méjèèjì lọ́wọ́ yín á rí i kedere. Ìgbà yẹn, wọn ò ní pè yín ní ẹni tí kì í pẹ́ níbi iṣẹ́ mọ́, òpùrọ́ ni wọ́n máa pè yín.

Ohun tí ẹ lè ṣe láìpurọ́ ni kí ẹ kó àwọn iṣẹ́ kéékèèké tó jọra pọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ ráńpẹ́ ní ilé ìwòsàn mẹ́rin láti 2022 sí 2023, kó kọ àkọlé kan ṣoṣo, “Nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ráńpẹ́, Òṣogbo àti Iléṣà, 2022–2023”, kó wá to orúkọ ilé ìwòsàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú oṣù wọn. Ọjọ́ kankan kò farapamọ́, àmọ́ ẹni tó ń kà á rí iṣẹ́ kan, kò rí ìdágbére mẹ́rin. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ṣe tí kò sì kan èyí tí ẹ ń wá, kò di dandan kí ẹ kọ ọ́, bí fọ́ọ̀mù wọn kò bá béèrè gbogbo rẹ̀.

Lábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tó ṣeé kà. “Mo kọ́ni ní Ìṣirò” kò sọ nǹkankan. “Ìṣirò, JSS 2, kíláàsì mẹ́ta, akẹ́kọ̀ọ́ 94, mo parí ìlànà iṣẹ́ ọdún náà kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀” ti sọ̀rọ̀. Bí ọdún bá kúrú, nọ́ńbà ni kó gbè é lẹ́sẹ̀. Lédè Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa kọ ọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fẹnu sọ ọ́ fún ara yín ní Yorùbá. Ohun tí ẹ kò bá lè fi Yorùbá sọ nínú iṣẹ́ tí ẹ ṣe, ọ̀rọ̀ ńlá lásán ló kún ibẹ̀.

Bí wọ́n bá wá béèrè pé, “Kí ló dé tí ẹ ń kúrò kiri?”, ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ sọ: ìdí, ohun tí ẹ mú níbẹ̀, àti ìdí tí ti ibí yìí fi yàtọ̀. “Ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ dín olùkọ́ kù ní òpin ọdún. Èkejì, àdéhùn sáà kan ni. Láàárín méjèèjì, mo ti kọ́ JSS 1 dé SS 1. Mo rí i pé ẹ ní kíláàsì títí dé SS 3, èmi náà sì fẹ́ kó ọ̀wọ́ kan dé ìdánwò WAEC.” Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ dákẹ́ níbẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fọ́ ọ ni pé ọ̀rọ̀ á parí, wọn ò ní dákẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ọ̀gá àtijọ́. Ẹni tó ń gbọ́ yín ń ro ti ara rẹ̀: bí wọ́n ṣe máa ròyìn èmi náà nìyí.

Àwọn ìbéèrè

Olùkọ́ kan béèrè pé ilé-ẹ̀kọ́ tí òun fi sílẹ̀ kọ̀ láti dá ojúlówó ìwé ẹ̀rí òun padà.

Ẹ má fi ojúlówó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Kí wọ́n wò ó, kí wọ́n gba ẹ̀dà, kí ẹ mú tiyín lọ. Èyí tó ti há sọ́wọ́ wọn, ẹ kọ̀wé béèrè rẹ̀, kí ẹ dárúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan àti ọdún rẹ̀, kí ẹ fún wọn ní ọjọ́ 14, kí ẹ gba àmì pé ìwé dé. Bí ọjọ́ bá pé, lẹ́tà agbẹjọ́rò ló kàn, òun ló sì máa ń ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká agbẹjọ́rò, Legal Aid Council wà fún irú wọn. Bí ẹ bá jẹ wọ́n ní owó ìfitónilétí tí ẹ kò ṣe, ẹ san án. Ohun tí wọ́n fi ń di ìwé mú nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ gbà á lẹ́nu wọn.

Arábìnrin kan ní ọkọ òun ń ṣí láti ìlú dé ìlú nítorí iṣẹ́, ìdí tí òun fi yí iṣẹ́ padà nígbà mẹ́rin nìyẹn. Ṣé kí òun sọ ọ́?

Ẹ sọ ọ́, ní gbólóhùn kan: “Ẹbí wa ṣí wá sí Òṣogbo ní 2023.” Ẹ fi bóyá ẹ ó pẹ́ níbí tẹ̀ lé e, torí ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ẹ ó pẹ́, ẹ wá iṣẹ́ aládéhùn, kí òpin rẹ̀ má bàa di ẹ̀ṣẹ̀ yín.

Ẹni ìkẹyìn ní òun ti fi ibi mẹ́ta sílẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta, òun ti lo oṣù 9 níbi kẹrin, ó sì ti sú òun.

Ohun tó sú yín ló máa sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Bó bá jẹ́ irú iṣẹ́ náà ni, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè gbé yín lọ sí ẹ̀ka mìíràn nínú ilé kan náà. Orí CV, iṣẹ́ kan náà ṣì ni, ìtẹ̀síwájú ló sì máa jọ. Bó bá jẹ́ ọ̀gá ni, ẹ fara dà á dé oṣù 12, kí ìsinmi yín pé, kí ẹ máa wá iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má jáde kí ìwé ibi tuntun tó dé ọwọ́ yín. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé wọn kò san owó oṣù ni, ọ̀rọ̀ CV kọ́ nìyẹn mọ́. Ẹ kọ̀wé béèrè owó ní oṣù àkọ́kọ́ tí kò wọlé, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí ti oṣù kejì kò bá tún wọlé, ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ, kí ẹ kọ iye tí wọ́n jẹ yín sórí ìwé mìíràn lọ́tọ̀, kí ẹ fi méjèèjì ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà.